Ọdún ìbílẹ̀ ní Benin: Oko ló bí i, ìkòkò ló tọ́ ọ dàgbà

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdọọdún, èrò kì í gbà ní ìlú Savalou ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn ọmọ ìlú a ti Cotonou, Parakou àti òkè òkun wálé, odó a sì máa dún láti àárọ̀, torí ọjọ́ náà ni wọ́n ń jẹ iṣu tuntun. Lásìkò yìí kan náà, ní Adja-Ouèrè àti àwọn abúlé tó yí i ká, àgbàdo òjò àkọ́kọ́ ti ń wọlé. Àwọn àgbẹ̀ ń bó o, àwọn oníṣòwò sì ti ń béèrè iye tí òṣùwọ̀n kan ń lọ.

Gbogbo Benin ló mọ ọdún iṣu Savalou. Àwọn lọ́balọ́ba ń lọ síbẹ̀, àwọn olóṣèlú náà kì í gbẹ́yìn. Ó lè mú kí ará Adja-Ouèrè máa rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíì ni ọdún wà, pé òun kàn ń gbin àgbàdo, òun ń fún epo, ó parí. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá wo ìdí ọ̀pọ̀ ọdún ìbílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, oko àti ìkòkò ọbẹ̀ la máa bá níbẹ̀, méjèèjì kò sì wọ́n wa níbí. Ohun tó ń wọ́n wa lọ díẹ̀díẹ̀ ni ìmọ̀ nípa iṣẹ́ tí ọdún wà fún.

Iṣu tuntun ní àgádágodo tirẹ̀

Àwọn Mahi ló ni Savalou. Lọ́dọ̀ wọn, ọba àti àwọn àgbà tó ń bọ òrìṣà kì í fi iṣu tuntun kan ẹnu kí wọ́n tó fi bọ àwọn baba ńlá wọn. Àwọn Ìdáàṣà, tí wọ́n jẹ́ Yorùbá bíi tiwa, náà máa ń ṣọdún iṣu tuntun, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè sọ pé èèwọ̀ lásán ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ oníṣu.

Iṣu tó máa ń tètè gbó, irú laboko tí àwọn tó ń gún iyán ní Benin fẹ́ràn gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń wa á lọ́dún. Nígbà àkọ́kọ́, àgbẹ̀ a rọra gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ebè, a gé iṣu ńlá náà kúrò lọ́rùn láì fa gbòǹgbò tu, a sì da iyẹ̀pẹ̀ padà bò ó. Ìtàkùn yẹn kò ní kú. Yóò tún ta àwọn iṣu kéékèèké, àwọn yìí ni wọn yóò wa lẹ́yìn òjò láti fi ṣe èbù ọdún tó ń bọ̀. Bí ebi bá lé àgbẹ̀ wọ oko ṣáájú àsìkò, iṣu tó bá wà á kún fún omi, iyán rẹ̀ kò ní fà, kì í sì í pẹ́ rà. Bó bá sì fi ìkánjú fa gbòǹgbò tu, kò ní rí èbù gbìn.

Ó ṣe tán, àkókò tó ṣáájú ọdún iṣu ni ebi máa ń mú jù, torí iṣu àtijọ́ ti tán nínú àká. Ọjọ́ ọdún ló dúró bí àgádágodo lẹ́nu oko nígbà náà. Kò sí ẹni tó máa dá a ṣí, àfi kí ìlú ṣí i pa pọ̀. Olówó kò ní jẹ ẹ́ ṣáájú tálákà, ẹnikẹ́ni kò sì ní sáré kó iṣu àìgbó wá sọ́jà láti fi ba ọjà ẹlòmíì jẹ́. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ń mú ohun tó ju ìdá 90 nínú ìdá 100 iṣu gbogbo ayé jáde. Ẹ lè wá rí i pé ọgbọ́n tí àwọn baba wa fi tọ́jú iṣu kì í ṣe kékeré, ọdún sì wà lára ọgbọ́n ọ̀hún.

Àgbàdo, ẹ̀wà àti epo ni tiwa

Àwọn àgbà máa ń sọ pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò tíì ná ọjà Ikpinlè. Ní ẹkùn Plateau, níbi tí Adja-Ouèrè wà pẹ̀lú Pobè, Sakété, Kétou àti Ifangni, àgbàdo tó wà nínú ẹ̀kọ àti gúgúrú yẹn ló ń bọ́ ilé tó sì ń rán ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò ń wá lọ́dún lọ́dọ̀ wa: ti oṣù kẹta sí oṣù keje, àti ti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá. Láti Adja-Ouèrè fúnra rẹ̀ títí dé Ikpinlè, Kpoulou, Massè, Oko-Akarè àti Tatonnonkon, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ọ̀pẹ ni àwọn ènìyàn gbójú lé. Ọ̀pẹ agbègbè yìí kì í ṣe ti àná. Láti ọdún 1922 ni ilé ìwádìí nípa ọ̀pẹ ti wà ní Pobè, tó jẹ́ aládùúgbò wa.

Kí la ń gbé síwájú àlejò lọ́jọ́ ọdún? Ẹ̀kọ tí wọ́n fi ewé dì, òlẹ̀lẹ̀, àkàrà, èbà, ọkà àgbàdo pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá. Àgbàdo ló di ẹ̀kọ, ẹ̀wà ló di òlẹ̀lẹ̀, ẹ̀gẹ́ ló di gàrí, epo pupa sì kan ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kò sí èyí tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Bí òjò bá ṣe dáadáa, ọdún á gbòòrò. Bí òjò bá já wa kulẹ̀, kíá lẹ máa rí i nínú abọ́ àlejò.

Àwọn òrìṣà náà mọ ohun tí wọ́n ń jẹ, oníṣòwò tó gbọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Orógbó ni ti Ṣàngó, kì í gba obì. Ọbàtálá fẹ́ràn ìgbín, kì í jẹ iyọ̀, kì í sì í mu ẹmu. Ògún ń gba ẹ̀sun iṣu àti ẹmu. Èṣù fẹ́ epo pupa, àdín sì ni èèwọ̀ rẹ̀. Ìbejì ń béèrè ẹ̀wà. Nítorí náà, fún ìyá aláte tó ń ta orógbó, obì, ataare àti ìgbín, ọdún ìbílẹ̀ ni kàlẹ́ńdà ọjà. Ó mọ oṣù tí ọjà rẹ̀ máa yá àti oṣù tí ó máa jókòó tì í. Lẹ́yìn rẹ̀ ni aránṣọ, onílù, ẹni tó ń ta sodabi àti àwọn ọmọ zémidjan tó ń gbé èrò láti abúlé dé abúlé. Owó ọdún kì í dúró lọ́wọ́ ẹnì kan.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́: níbi tí ìlú ti ń gbọ́ òótọ́

Ojú tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ ni kò mọ̀ pé ilẹ̀ tiwa yìí wà lára ibi tí ayé ń tọ́ka sí. Kétou, ní Plateau kan náà, ni ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2001, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ogún pàtàkì tí gbogbo ọmọ ènìyàn ní. Ní 2008, wọ́n fi í sínú ìwé àwọn àṣà àgbáyé, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo pa pọ̀.

Ọdọọdún lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n tún lè ṣe é nígbà tí ọ̀dá bá dá tàbí tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ̀lú. Ìyá Ńlá àti gbogbo àwọn ìyá tó ní agbára láti tún ìlú ṣe tàbí láti bà á jẹ́ ni wọ́n fi ń júbà. Ọkùnrin ló ń gbé igi sórí, ṣùgbọ́n aṣọ obìnrin ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n sì máa ń yá ìró àti gèlè lọ́wọ́ àwọn ìyá ilé. Ìyálàṣẹ̀ wà nínú àwọn tó ń darí ẹgbẹ́. UNESCO fúnra rẹ̀ sọ pé ẹgbẹ́ agọ̀ yìí nìkan ni wọ́n mọ̀ tí obìnrin náà ti ń ṣe olórí.

Ìran méjì ni. Lóru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde, lójú agbo, tí ìlù ń dún tí àwọn elégbè sì ń gbe orin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jó. Lórí igi tí wọ́n gbẹ́, ẹ lè rí ìyá tó ń kiri ọjà, ẹ lè rí ejò, ẹyẹ tàbí ẹni tó gun ọ̀kadà. Ojú ń rí nǹkan. Ṣùgbọ́n etí ni Ẹ̀fẹ̀ wà fún. Elẹ́fẹ̀ á fi àwàdà àti ẹ̀gún ọ̀rọ̀ bá ìlú wí. Ó lè kan ìjòyè tó fọwọ́ pa owó àwùjọ mọ́ra, ó lè kan ọkọ tó ń lu ìyàwó, tàbí oníṣòwò tó ń fi ìka tẹ òṣùwọ̀n. Gbogbo ènìyàn á rẹ́rìn-ín, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn náà á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ojú tì mí, ilẹ̀ á sì mọ́ láì sí ìjà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ì bá gbé lọ sí kóòtù tàbí tí wọ́n ì bá fi bú ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, orin ti bá wọn parí rẹ̀.

Ẹ wo ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀yìn ìkórè. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìgbà tí àgbàdo wà nínú àká, tí epo wà nínú kẹ́ẹ̀gì, ni ènìyàn ń lè jókòó gbọ́ ìbáwí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi tu ọkàn ìlú lójú, kí òótọ́ tó tẹ̀ lé e.

Ibodè kò pín ọdún

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi pín ilẹ̀ yìí. Kétou, Pobè àti Sakété bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Imẹ̀kọ àti Ìláròó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n di ọmọ orílẹ̀-èdè kan, àbúrò di ti òmíràn. Síbẹ̀, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà lápá ọ̀hún, ó wà lápá ibí, èdè orin rẹ̀ kò sì yàtọ̀. Ọdún wà lára ohun tó ń pe àwọn ìbátan tó wà ní ìhà méjèèjì pa dà sójú kan.

Àwọn oníṣòwò wa kò tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn kan. Ti Idiroko, tó dojú kọ Igolo ní Ifangni, di oṣù kẹrin ọdún 2022. Gbogbo àkókò yẹn, ẹrù ọdún kò rí ojú ọ̀nà gidi gbà kọjá. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò ṣòro láti rí. Bí ọjà ńlá bá tì, oúnjẹ tí ìlú fúnra rẹ̀ gbìn ló máa fi ṣọdún. Ìlú tí kò gbìn á máa wo ojú ọ̀nà.

Àlejò ń bọ̀. Kí ni wọ́n máa bá?

Ìjọba Benin ti ń náwó sórí ọdún ìbílẹ̀ báyìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ 10 oṣù kìíní ni wọ́n fi ṣe ọjọ́ ẹ̀sìn ìbílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Vodun Days ní Ouidah, èrò sì ń wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, wọ́n kó àwọn agọ̀ láti oríṣiríṣi ibi jọ sí Porto-Novo. Àwọn ọdún tó ti pẹ́ náà ṣì wà láàyè. Àwọn Bariba ń fi ẹṣin ṣe Gani wọn ní Nikki, àwọn ará Grand-Popo sì ti ń ṣe Nonvitcha ní àkókò Pẹ́ńtíkọ́sì láti ọdún 1921.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Àlejò tó bá wá á jẹun, á sùn, á ra nǹkan. Ṣùgbọ́n UNESCO tó fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú ìwé àgbáyé náà ló kìlọ̀ pé ìrìn àjò afẹ́ lè sọ ọ́ di eré ìfihàn lásán. Ẹ jẹ́ ká fọ̀rọ̀ náà sí èdè abúlé. Àlejò kò lè jókòó lóru mọ́jú, wọ́n á ní kí Ẹ̀fẹ̀ kúrú. Àlejò kò gbọ́ Yorùbá, wọ́n á ní kí orin tó ń bá ìjòyè wí yọwọ́, kí ijó nìkan kù. Àlejò ń bọ̀ lóṣù tí kò sí ìkórè, wọ́n á ní kí igi jáde láì bi Ìyálàṣẹ̀. Lọ́dún kejì, ẹnikẹ́ni kò ní rántí pé nǹkan kan ti yọ. Igi ṣì wà, aṣọ ṣì dára, àmọ́ ẹnu tó ń sọ òótọ́ fún ìlú ti lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Bí àlejò bá dé tí a gbé ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè síwájú rẹ̀ nítorí pé ojú ń tì wá láti gbé ẹ̀kọ àti òlẹ̀lẹ̀, owó ọdún á gba àárín ìlú kọjá, kò ní yà lọ́dọ̀ àgbẹ̀. Ilé oníṣòwò ńlá ní Cotonou ni yóò sùn.

Ohun tó wà níkàáwọ́ wa

Kò dìgbà tí ìjọba bá dé kí Adja-Ouèrè tó ṣe nǹkan kan. Àkọ́kọ́ ni orin. Àwọn elẹ́fẹ̀ tó dàgbà kò kọ orin wọn sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ní fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀. Kí ọmọ béèrè àyè lọ́wọ́ bàbá àti ìyá tó ni orin, kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n fẹ́ kó gbọ́ àti èyí tó jẹ́ awo, kí ó sì gba ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àlàyé rẹ̀. Orin láì sí àlàyé kò ní wúlò fún ọmọ tó máa gbọ́ ọ ní ogún ọdún sí i.

Èkejì ni ọjọ́ ọdún. Ní Plateau, a ní ọdún tó fi ààyè gba obìnrin bíi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a sì ní Orò, tí obìnrin kò gbọdọ̀ jáde wò. Àwọn àgbà ló ni Orò, ìròyìn yìí kò sì wá bá wọn du àṣà wọn. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta tòmátò tàbí ẹja tútù nílò láti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ ọjọ́ tí kò ní lè jáde, kí ó má baà ra ọjà tó máa bà jẹ́ sí i lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, lẹ́nu rédíò àti lẹ́nu olùkéde ọjà, kò pọ̀ jù láti bèèrè.

Ẹ̀kẹta ni irúgbìn. Àgbàdo tí àwọn ìyá mọ̀ pé ó ń di ẹ̀kọ tó fìdí múlẹ̀, ẹ̀wà tó ń wú nínú òlẹ̀lẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó parun nítorí pé èyí tí wọ́n ń tà nínú àpò ń so púpọ̀. Ẹ gbin méjèèjì. Èyí tó ń so púpọ̀ lè wà fún ọjà, kí èyí tó dùn wà fún ọdún àti fún àlejò. Bí àlejò bá sì béèrè ohun tó jẹ, kí ó lè rà á lọ sílé.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn ìyá. Bí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọdún bá jókòó, tí ọkùnrin nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n ti gbàgbé ẹni tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà fún, wọ́n sì ti gbàgbé ẹni tó máa se oúnjẹ. Ìyá tó mọ iye àgbàdo tó wà nínú àká mọ irú ọdún tí ìlú lè ṣe lọ́dún yìí.

Savalou kò lọ ra ọdún rẹ̀ níbì kankan. Iṣu tó wà lóko wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún. Àgbàdo, ẹ̀wà àti epo wà lóko tiwa, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì wà nílẹ̀ wa. Bí òjò àkọ́kọ́ bá tún ti ṣe dáadáa, tí ìkórè bá ti wọlé, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe lásìkò yẹn, kí ẹ sì bèèrè ìdí rẹ̀ pẹ̀lú.